Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Iná Inú Sítúdíò Ilé

Lóṣù yìí, lẹ́tà tó dá lórí iná nìkan la kó jọ: iná tí ń pa ẹ̀rọ, iná tí ń hùn nínú sípíkà, àti iná tí ń lọ nígbà tí akọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohùn rẹ̀ mú. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú kí àyè lè gbà wọ́n.

Ìbéèrè, láti Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya yàrá kan sọ́tọ̀ nílé fún gbígba orin sílẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù kan, sáúǹdì káàdì kan, máìkì kan àti sípíkà méjì ni mo ní. Ẹni tó ta sípíkà fún mi ní àfi dandan kí n ra power conditioner, pé láìsí i, ohùn mi kò ní mọ́ láéláé. Owó rẹ̀ ju ti sáúǹdì káàdì mi lọ. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Ọjà ni ẹni yẹn ń tà.

Nínú power conditioner tó wọ́pọ̀, àpótí pẹlẹbẹ tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lẹ́yìn, ohun méjì ló ń ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni MOV, ohun róbótó kékeré kan tó máa ń gba iná tó bá ṣàdédé fò sókè mọ́ra kó tó dé ara ẹ̀rọ yín. Ìkejì ni asẹ́, ìyẹn wáyà tí wọ́n lọ́ mọ́ irin pẹ̀lú kapásítọ̀ mélòó kan, tó ń sẹ́ ariwo wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò tàbí bọ́ọ̀bù LED olówó pọ́ọ́kú ń rọ́ sínú wáyà. Kò sí ohun tó ń gbé fólítéèjì sókè níbẹ̀, kò sí èyí tó ń fà á wálẹ̀. Bí fólítì 150 bá wọlé látọ̀dọ̀ NẸ́PÀ, 150 náà ló máa jáde. Àwọn kan wà tí wọ́n fi regulator sí nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tiwọn tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohùn ńkọ́? Ẹ yí ṣájà lápútọ́ọ̀pù yín wò. Ẹ máa rí i pé wọ́n kọ “INPUT: 100–240V ~ 50/60Hz” sí i. Ṣájà yẹn á kọ́kọ́ sọ iná NẸ́PÀ di iná tààrà bíi ti bátìrì, tó máa ń tó fólítì 325 bí iná bá pé 230. Lẹ́yìn náà, á gé e wẹ́wẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á gbà á inú tiransifọ́má kékeré kan kọjá, á sì fún lápútọ́ọ̀pù ní fólítì 19 tàbí 20 géérégé. Bí 230 bá wọlé, 19 ló ń jáde. Bí 160 bá wọlé, 19 náà ni. Sáúǹdì káàdì tó ń jẹun lójú USB, fólítì 5 ni tirẹ̀, inú lápútọ́ọ̀pù ló sì ti ń rí i. Wọ́n ti sẹ́ iná yẹn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ibi tí ohùn wà. Bí ẹ bá tún fi asẹ́ mìíràn sí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, etí kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni fólítì 400. Live mẹ́ta (wáyà tó ń gbé iná wá) àti neutral kan (wáyà tí iná ń gbà padà) ló ń ti tiransifọ́má àdúgbò wá. Láàárín live kan àti neutral, 230 ni. Láàárín live méjì, 400 ni. Bí neutral bá já lórí òpó, bóyá ìjì ló já a tàbí ojú ìsopọ̀ ló jóná, àwọn ilé tó wà lórí live ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pín 400 yẹn láàárín ara wọn. Ilé tó ń lo nǹkan púpọ̀ á rí half current. Ilé tó tan bọ́ọ̀bù méjì àti lápútọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló máa gba èyí tó ga jù, bẹ́ẹ̀ bí sítúdíò ṣe máa ń rí lóru gan-an nìyẹn. Kapásítọ̀ ńlá inú ṣájà, 400V tàbí 450V ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rẹ̀ pé ó lè gbà. Bí 400 bá wọlé láti orí òpó, tí ṣájà sọ ọ́ di iná tààrà, ó ti kọjá 560. Kapásítọ̀ á wú lórí, á bẹ́, òórùn rẹ̀ á gba yàrá kan. Power conditioner lásán kò lè gba yín níbẹ̀. Iná tí kò pẹ́ ju ìpajú lọ ni wọ́n ṣe MOV fún. Bí 400 bá dúró fún ìṣẹ́jú kan, MOV á jóná mọ́ inú àpótí tó gbé e.

Ohun tó ń gbani lọ́wọ́ ìyẹn kéré, kò sì wọ́n: voltage protector tó ní nọ́ńbà lójú, èyí tí àwọn oníná ń tò sínú bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ breaker. Èyí tó gba ámpì 40 tó yàrá kan, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹ ní kí oníná yín fi òkè rẹ̀ sí 250, kó fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí 170, kó sì fi àkókò ìdúró sí ìṣẹ́jú àáyá 120. Bí iná bá kọjá 250, á gé e. Bí iná bá padà bọ̀ sípò, kò ní jẹ́ kó wọlé títí 120 yẹn á fi pé, nítorí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé ló máa ń fò sókè sódò jù. Oníná tó bá fẹ́ fi í sí 5 kí iná lè tètè dé, ẹ má gbà fún un.

Lẹ́yìn èyí lọ̀rọ̀ sitẹbiláísà tó kàn, mítà ló sì máa dá a, kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù. Ẹ ra mítà olówó kékeré, ẹ yí i sí AC níbi tí nọ́ńbà ti ga jù, ẹ máa wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì yín láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ń wà láàárín 200 sí 245, protector nìkan tó. Bí ó bá ń já sí 160 lálẹ́, ẹ ní kí oníná rẹ ìsàlẹ̀ protector wálẹ̀ sí i kó má baà máa gé iná, kẹ́ ẹ sì wo ẹ̀yìn sípíkà yín. Bí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 220–240V tàbí 230V nìkan, a jẹ́ pé tiransifọ́má àtijọ́ ló ṣeé ṣe kó wà nínú rẹ̀, ẹ ra sitẹbiláísà fún sípíkà náà nìkan. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé sitẹbiláísà tí wọ́n kọ 1000VA sí kì í lè gbé 1000 nígbà tí iná bá wálẹ̀ sí 140. Nǹkan bí ìdajì ló sábà máa ń kù. Ẹ gbé e jìnnà sí máìkì àti gìtá, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló tilẹ̀ dára jù. Tiransifọ́má inú rẹ̀ ń hùn, relay rẹ̀ sì ń dún “kó” nígbàkígbà tí iná bá lọ sókè tàbí wálẹ̀. Máìkì condenser á gbọ́ ọ, á sì gbà á mọ́ orin.

Ti àrá yàtọ̀. Protector kì í yára tó o. MOV lè gba kékeré nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àrá bá sán nítòsí òpó yín, kò sí àpótí kankan lórí àtẹ tó dájú. Lásìkò òjò, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò nínú ògiri, kẹ́ ẹ sì yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àti ti áńtẹ́nà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń yọ ti iná, wọ́n á fi ìyẹn sílẹ̀, ibẹ̀ ni àrá á sì gbà wọlé.

Ìbéèrè, láti Abẹ́òkúta: Bí mo bá ń ta gìtá oníná tí ètè mi kan máìkì, iná á ta mí. Kò le, ṣùgbọ́n ó ń já mi láyà. Oníná wa ní half current ló fà á, pé kí n ra sitẹbiláísà. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọrin níbẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe. Kò kan half current. Ilé yín kò ní earthing, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀, tàbí kó ní in, kó sì ti já.

Nínú ọ̀pọ̀ ṣájà àti ẹ̀rọ, kapásítọ̀ kékeré kan wà láàárín live àti ara irin ẹ̀rọ, òmíràn sì wà láàárín neutral àti ara irin náà. Iṣẹ́ wọn ni láti da ariwo wẹ́wẹ́ sínú ilẹ̀. Bí wáyà ilẹ̀ bá wà, ìwọ̀nba iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá á lọ sínú ilẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí kò bá sí, gbogbo ara irin ẹ̀rọ yín, títí kan okùn gìtá, á máa gbé nǹkan bí ìdajì iná ilé, ìyẹn fólítì 115. Agbára rẹ̀ kò pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ta yín lásán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí live gan-an bá já kan irin nínú ẹ̀rọ kan, gbogbo 230 á wá sórí okùn gìtá, ètè yín á sì wà lára máìkì. Ìyẹn ń pa èèyàn.

Ẹ fi mítà wọn ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ọwọ́ yín kò bá dá a, ẹ jẹ́ kí oníná wọ̀n ọ́n lójú yín. Láàárín live àti neutral, ká ní 225 ni. Láàárín live àti earth, 225 náà ló yẹ kó jẹ́, tàbí kó súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Láàárín neutral àti earth, kò yẹ kó ju 5 lọ. Bí live sí earth bá ń fún yín ní 90, tó tún di 120, tó ń rìn kiri, kò sí earthing níbẹ̀.

Ríri rẹ̀: ọ̀pá tí wọ́n fi bàbà bò, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, bí ẹ̀bá ibi tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sí. Ẹ rì í tán pátápátá, kó ku orí rẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ sì fi bíríkì ṣe àpótí yí i ká kí ẹ lè máa yẹ ìsopọ̀ rẹ̀ wò. Wáyà bàbà 16 mm² ni kó ti ibẹ̀ lọ sí bọ́ọ̀dù ilé. Àwọn oníná wa máa ń da èédú àti iyọ̀ sí ihò náà. Èédú dára, ó ń di omi mú. Iyọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, òjò á fọ̀ ọ́ lọ, ó sì ń jẹ bàbà, nítorí náà ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀. Bí ẹni tó ní earth tester bá wọ̀n ọ́n tí kò tó ohm 10, ó dára púpọ̀. Bí ó bá ṣì ga, ẹ ri ọ̀pá kejì ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi RCD 30mA sí bọ́ọ̀dù. Òun ló máa gé iná kí ó tó pa èèyàn.

Ẹnì kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ri ọ̀pá ọ̀tọ̀ fún sítúdíò nìkan, kó má kan ti ilé. Ẹ kọ̀. Ilẹ̀ méjì tí kò so pọ̀ lè ní fólítéèjì láàárín ara wọn, pàápàá bí àrá bá sán nítòsí.

Ìbéèrè, láti Ìkòròdú: Sípíkà mi ń hùn “hùùù” látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ti ra sitẹbiláísà, mo ti ra UPS, kò lọ. Ṣé power conditioner ló kù?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ tẹ́tí sí ìgbà tó ń hùn. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà half current nìkan ló ń hùn, tó sì ń dákẹ́ bí iná bá gòkè, regulator inú sípíkà ni kò rí fólítì tó tó, tó wá ń jẹ́ kí ariwo 100Hz kọjá sínú ohùn. Sitẹbiláísà á wo ìyẹn. Èyí tó ń hùn nígbà gbogbo bíi tiyín, ground loop ni, ìyẹn ni pé wáyà ilẹ̀ ti gba ọ̀nà méjì dé ara ẹ̀rọ kan náà, tí 50Hz inú ilé wá ń yípo láàárín wọn. Power conditioner kò lè rí i gé, nítorí inú wáyà ohùn ló ń gbà, kì í ṣe inú wáyà iná.

Ẹ wá a báyìí. Ẹ yọ wáyà ohùn kúrò lẹ́yìn sípíkà, kí ẹ fi iná rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ṣì ń hùn, àìsàn wà nínú sípíkà gan-an, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ẹ dá wáyà padà, kí ẹ yọ ṣájà lápútọ́ọ̀pù kúrò lára iná, kó máa lo bátìrì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni hùùù náà á ti kú. Ṣájà yẹn ló ń gbé ilẹ̀ kejì wá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó ńlá. Gbogbo ẹ̀rọ, láti lápútọ́ọ̀pù dé sípíkà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ara ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo gba iná, nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ẹ wo ẹnu wáyà tó ti sáúǹdì káàdì lọ sí sípíkà: bí òrùka dúdú kan ṣoṣo bá wà lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí olórùka méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní TRS. Ìyẹn ń gbé ohùn náà lọ́nà méjì tó dojú kọ ara wọn, sípíkà á yọ ariwo tó bá wọ méjèèjì bákan náà dànù. Bí kò bá tíì lọ, DI box, àpótí kékeré tí wáyà ohùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tó ní tiransifọ́má nínú, á gé e. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì tàbí kí ẹ yọ wáyà ilẹ̀ inú rẹ̀. Hùùù á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewu tí a sọ fún ará Abẹ́òkúta lẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè, láti Peckham: Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ńkọ́? Ṣé èmi náà nílò power conditioner?

Ìdáhùn: Rárá. Òfin ibẹ̀ ní kí iná wà láàárín 216 sí 253, earthing sì wà nínú ilé yín. Ẹsitẹ́ńṣọ̀n tó ní surge protection tó. Ẹ fi owó yòókù ra ohun tí ẹ ó tò sára ògiri kí ohùn má baà máa gbá padà.

Ìbéèrè, láti Òṣogbo: Ẹ̀gbọ́n mi fi sípíkà méjì àti amplifier kan ránṣẹ́ sí mi láti Houston. Ṣé kí n kàn yí púlọ́ọ̀gì wọn padà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ki ohunkóhun bọ ògiri. Fólítì 120 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ní 60Hz. Ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n kọ 100–240V sí, wáyà iná rẹ̀ nìkan lẹ máa pààrọ̀. Èyí tó ní síwíìṣì pupa kékeré tó fi 115 àti 230 hàn, ẹ yí i sí 230 kí ẹ tó fi iná sí i, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ fíúsì rẹ̀ sí iye tí ilé iṣẹ́ kọ fún 230, ìdajì ti 115 ló sábà máa ń jẹ́: bí 2A bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 1A ni. Bí ẹ bá fi 2A sílẹ̀, fíúsì kò ní tètè já nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, tiransifọ́má ló máa jóná dípò rẹ̀.

Èyí tí wọ́n kọ 120V 60Hz nìkan sí nílò step-down, agbára tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Bí amplifier bá ń jẹ wáàtì 250, ẹ ra 500. Step-down kì í tún iná ṣe. Ó kàn ń pín in sí méjì ni: 260 á di 130, 160 á di 80. Nítorí náà, sitẹbiláísà ni kó ṣáájú, kí step-down tẹ̀ lé e. Tiransifọ́má tí wọ́n ṣe fún 60Hz máa ń gbóná sí i lórí 50Hz wa, ẹ má gbé nǹkan lé orí rẹ̀.

Ìbéèrè, láti Adó-Èkìtì: Iná wa kò tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo ń lò, ariwo rẹ̀ ń wọ orin. Ẹnì kan fẹ́ ta ínfátà fún mi, ó ní “modified sine” ni, pé kò yàtọ̀ sí “pure sine”.

Ìdáhùn: Ó yàtọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ohùn sílẹ̀ lẹ sì máa kọ́kọ́ gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Iná modified sine ń fò ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, igun rẹ̀ ló ń mú fáànù àti tiransifọ́má dún “zíí”. Pure sine, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìní igun, ni kí ẹ rà, kódà bí agbára rẹ̀ bá ní láti kéré sí èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ gbé sórí rẹ̀ sílẹ̀: lápútọ́ọ̀pù 65, ojú kọ̀ǹpútà 25, sípíkà méjèèjì 60, fáànù 60. Wáàtì 210 nìyẹn. Bátìrì fólítì 12 kan tó jẹ́ 200Ah, 12 lọ́nà 200, 2400 ni. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí tubular, ìdajì ni kí ẹ lò kó má baà tètè kú: 1200. Ínfátà á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, á ku nǹkan bíi 1000. Ìyẹn á gbé 210 fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún dín díẹ̀. Ínfátà 1kVA tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ amúlétutù kò sí nínú ìṣirò náà, ẹ má gbé e sí i.

Jẹnẹrétọ̀ ṣì wúlò, ṣùgbọ́n bátìrì ni kó máa kún, kì í ṣe kó máa gbé sípíkà. Inú rẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ni iná ṣe ń jáde: nígbà tí fíríìjì bá dákẹ́, ẹ́ńjìnnì á sáré, fólítéèjì á fò. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó tan changeover. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, changeover ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kó má sí nǹkan lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí epó tán nínú rẹ̀ nígbà tí nǹkan wà lórí rẹ̀, nítorí tí epó bá ń tán, ẹ́ńjìnnì máa ń sáré tó ń dẹ̀, iná rẹ̀ á sì máa lọ sókè sódò. Ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé, torí èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun. Bí akọrin bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ yọ ṣájà lápútọ́ọ̀pù, ẹ pa fáànù, kẹ́ ẹ gbà á lórí ínfátà. Fún ìṣẹ́jú mẹ́rin márùn-ún orin kan, ooru yàrá náà ṣeé fara dà.